Ẹ Kọ́kọ́ Wo Oòrùn Kí Ẹ Tó Wo Físà: Bí A Ṣe Ń Yan Orílẹ̀-Èdè Òkèèrè Tí A Fẹ́ Gbé

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú ìwé àwọn èèyàn láti èdè kan sí òmíràn: ìwé ìgbéyàwó, èsì ìdánwò, ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá ti kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ó ti ń múra àtilọ nìyẹn, mo sì máa ń bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ló yàn. Ìdáhùn mẹ́ta ló pọ̀ jù: "Wọ́n ní físà ibẹ̀ ń yá." "Wọ́n ní owó wà níbẹ̀." "Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀." Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni mo lè fọwọ́ sí láìbéèrè nǹkan mìíràn. Ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún èèyàn lóru kì í ṣe nǹkan kékeré nílẹ̀ àjèjì.

Ọ̀nà tí mo máa ń bá wọn gbà tò ó nìyí. Ẹ pín gbogbo ohun tó wà lára orílẹ̀-èdè kan sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni ohun tí ìjọba kankan kò lè fi òfin yí padà: oòrùn, òtútù, ilẹ̀ tó máa ń mì, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, èdè. Ọ̀wọ́ kejì lè yí padà, àmọ́ ìran kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ ná: ìṣe àwọn èèyàn, ètò ìlera, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀wọ́ kẹta ni ohun tí ìbò kan ṣoṣo lè dojú rẹ̀ dé: físà, owó orí, iye ọdún tí wọ́n ní kí ẹ lò kí ẹ tó di ọmọ ìlú. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí ni kí ẹ ṣe yẹ̀ wọ́n wò. Ìdí ọ̀wọ́ kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń parí sí.

Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Pọ́túgàlì gbé ètò ẹ̀dínwó owó orí kalẹ̀ fún àwọn àlejò ní 2009, ọ̀pọ̀ èèyàn sì torí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀. Nígbà tí 2024 fi máa wọlé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ètò náà mọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jámánì ní oṣù Kẹfà 2024, ó ní ẹni tó bá fakọ yọ lè gba ìwé ọmọ ìlú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré; kí oṣù Kẹwàá 2025 tó parí, wọ́n ti wọ́gi lé ọ̀nà àbùjá yẹn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ lọ fẹ̀yìn tì sí Sípéènì, ẹrù ló kàn máa ń dì, àfi ìgbà tí wọ́n dìbò ní 2016 tí ìlú wọn sì jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2020. Ní báyìí, físà ló ń tọrọ. Oòrùn Sípéènì ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí oòrùn yẹn, torí òun ni wọ́n ń fojú kéré jù. Ní Tromsø, lápá òkè Nọ́wè, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní. Tó bá sì di apá ìparí oṣù Karùn-ún, kì í wọ̀ mọ́ títí oṣù Keje á fi lọ jìnnà. Ti Helsinki, olú ìlú Fínlándì, kò le tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀ ní ìparí oṣù Kejìlá kì í pé wákàtí mẹ́fà. Ní Síngápọ̀ ẹ̀wẹ̀, ìtòsí ìlà tó pín ayé sí méjì ni wọ́n wà, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún, ooru àti ọ̀rinrin kì í sì í gba ìsinmi.

Helsinki ni mo ti kàwé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó lọ ni pé oṣù tó tutù jù kọ́ ló ń le jù. Oṣù Kọkànlá ni. Yìnyín kò tíì bo ilẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ohun funfun kankan tó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, òjò wínníwínní ń rọ̀, ojú ọ̀run dà bí ìdí ìkòkò. Tí yìnyín bá wá bo ibi gbogbo ní oṣù Kìíní, tí òtútù ń géni létí, ṣe ni ara mi máa ń yá. Ẹnì kan wà tí a jọ wà ní kíláàsì, òkùnkùn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ oṣù Kẹfà tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn ló ń ṣe é bí àìsàn. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ara ẹlòmíràn mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé tí ẹ bá máa lọ wo ìlú kan, ìgbà tó burú jù níbẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹni tó lọ sí Lisbon ní Pọ́túgàlì ní oṣù Kẹfà kò tíì rí Lisbon. Kó lọ ní oṣù Kìíní, kó sùn sínú ilé àtijọ́ tí wọn kò fi ẹ̀rọ amúlégbóná sí, ó pọ̀ níbẹ̀, á rí i pé inú yàrá lè tutù ju ìta lọ. Tó bá jẹ́ apá ìsàlẹ̀ ayé lẹ ń wò, ẹ rántí pé oṣù Keje ni òtútù ń mú wọn ní Melbourne ní Ọsirélíà, oṣù Kejìlá ni ooru dé.

Bákan náà, ìlú lẹ máa gbé, ẹ ò ní gbé gbogbo orílẹ̀-èdè. Kánádà kan náà ni Vancouver àti Winnipeg wà. Ní oṣù Kìíní, òjò ló sábà ń rọ̀ ní Vancouver. Ní Winnipeg, òru oṣù yẹn sábà máa ń tutù kọjá ìwọ̀n ogún sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó sọ fún mi pé òun fẹ́ràn Kánádà kò tíì sọ nǹkan kan. Tí ẹ bá sì ń wo àtẹ ojú ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má wo ooru àti òtútù nìkan. Ẹ wo iye wákàtí tí oòrùn ń ràn lóṣù kọ̀ọ̀kan àti iye ọjọ́ tí òjò ń rọ̀.

Ilẹ̀ tó ń mì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Chile ni ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára jù tí wọ́n tíì wọ̀n láyé ti ṣẹlẹ̀, ní 1960, ó wọ ìwọ̀n 9.5. Christchurch ní Niu Sílándì wó lulẹ̀ káàkiri ní oṣù Kejì 2011. Jàpáánì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé tó ń fara da irú rẹ̀, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ọ nígbà tó bá ń mì. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í lè sùn padà lẹ́yìn ìró kékeré, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Jíjìnnà wá ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń fi owó ọkọ̀ òfuurufú wọ̀n ọ́n. Aago ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí London bá ń jí, alẹ́ ti ń lẹ́ ní Auckland ní Niu Sílándì. Mo ní àbúrò kan níbẹ̀ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní London kò jẹ́ kí okùn ọ̀rẹ́ wọn já, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan nínú wọn ń tòògbé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ kọ aago tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ aago ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wákàtí méjì wà lójúmọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì máa wà lójúfò, tí ẹnikẹ́ni kò sí níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí kò dùn ún bi: tí wọ́n bá pè yín lóru pé ara ẹnì kan kò yá, ọjọ́ mélòó ni ẹ máa fi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀?

Èdè ni ìkẹyìn nínú ọ̀wọ́ kìíní, òun ló sì wúwo jù lójú tèmi. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀, Foreign Service Institute, ti pín èdè sí ìsọ̀rí fún ẹni tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí wákàtí 600 sí 700 nínú kíláàsì ni wọ́n ń ṣírò fún irú èdè Sípéènì àti ti Potogí. Fún èdè Jàpáánì, Kòríà, Lárúbáwá àti Mandarin ti Ṣáínà, 2,200 ni. Àwọn tó sì ń jókòó sí kíláàsì yẹn, owó oṣù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹ̀yin máa kọ́ tiyín lẹ́yìn tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n á sọ fún yín pé ní Nẹ́dálándì àti Dẹ́nmáàkì, gbogbo èèyàn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Èèyàn lè gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìgbọ́ èdè wọn: á ríṣẹ́, á tiẹ̀ rílé tí orí bá bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n èdè wọn ni lẹ́tà owó orí máa wá ní, òun náà ni wọ́n fi ń ṣàwàdà nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti rí ọmọ kékeré tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nìyí, kò sì náni ní nǹkan kan: kí ẹ tó yan orílẹ̀-èdè náà, ẹ kọ́ èdè rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nínú ilé yín. Tó bá sú yín lórí àga tó rọ̀ yín lọ́rùn, á sú yín jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá dúró lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ó di ọ̀wọ́ kejì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo inú ilé tiyín kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun nípa ìlú ẹlòmíràn. Ta ni ó ń bá yín lọ? Ta ló ní àìsàn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́? Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ?

Ẹ mú oògùn. Oògùn tó ní amphetamine nínú, irú tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kọ fún ẹni tí kò lè pọkàn pọ̀, èèwọ̀ ni ní Jàpáánì, ìwé dókítà ì báà wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn inú ilé sílẹ̀, orúkọ èròjà rẹ̀ gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á, kẹ́ ẹ wá a lórí ìkànnì ìjọba orílẹ̀-èdè náà. Ti owó ìtọ́jú náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi owó orí gbé ètò ìlera NHS ró láti 1948, àmọ́ àgbàlagbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń san £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kejì 2024, gbogbo ọdún físà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Físà ọdún márùn-ún, £5,175 nìyẹn kí ẹ tó wọ bàálù. Àwọn tó ń lọ lórí físà òṣìṣẹ́ ìlera kì í san án. Ní Jàpáánì, ètò ìbánigbófò ìjọba máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù, aláìsàn tí kò tíì darúgbó á san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tí kò tíì pé ọdún 65 ló ń gba ìbánigbófò láti ibi iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù méjì pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í ka ìlà yìí tán. Kó kà á.

Ẹni tó fẹ́ bímọ, kó fi èyí sọ́kàn: ní Swídìn, òbí méjèèjì jọ ní ọjọ́ 480 tí wọ́n lè pín láàárín ara wọn lórí ọmọ kan, ìjọba á sì máa sanwó fún wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti 1993, fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 láìsí owó, kò tiẹ̀ kan gbogbo ilé iṣẹ́. Owó oṣù Amẹ́ríkà lè ga ju ti Swídìn lọ dáadáa. Ẹ ṣírò méjèèjì papọ̀.

Ìṣe àwọn èèyàn kò ṣeé kà nínú ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ ìsinmi tí òfin ìpìlẹ̀ wọn dáàbò bò, ọ̀pọ̀ jù lọ ṣọ́ọ̀bù sì máa ń tì. Ní Sípéènì, oúnjẹ alẹ́ aago mẹ́sàn-án kò tíì pẹ́. Ní Tokyo, onílé lè ní kẹ́ ẹ wá onídùúró, kẹ́ ẹ tún san owó ọpẹ́ tí kò ní dá padà láéláé. Ní Helsinki, aládùúgbò mi máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí n ó fi sọ̀ kalẹ̀ tán, kó má bàa di pé a pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀! Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan sunkún nítorí irú nǹkan kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ara yín: ṣé ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa yín ni àbí ariwo?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn àtẹ tí wọ́n ń gbé káàkiri lọ́dọọdún, pé ìlú báyìí ló dùn ún gbé jù. Fínlándì ló ti ń gba ipò kìíní nínú World Happiness Report, ìròyìn ọdọọdún tó ń wọn bí inú àwọn èèyàn ṣe ń dùn tó, láti 2018. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n fojú inú wo àkàbà kan, láti 0 dé 10, kí wọ́n sọ ìpele tí ìgbésí ayé wọn wà lórí rẹ̀. Àwọn tí ibẹ̀ jẹ́ ilé fún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń wá ọ̀rẹ́. Èyí tí mo lè ní kẹ́ ẹ lò ni Better Life Index ti OECD, àjọ tó ń fi ètò ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè wéra, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Kókó mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ilé, owó, ìlera, ààbò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Orílẹ̀-èdè tó bá gbé wá kò ṣe pàtàkì tó ìwọ̀n tí ẹ fi sí kókó kọ̀ọ̀kan. Ẹ da ìwọ̀n yẹn kọ.

Ìgbà yìí ni kí ẹ mú bébà. Ẹ má kọ ohun tí ẹ fẹ́ràn, torí gbogbo wa la fẹ́ràn ohun kan náà. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ ò lè fara dà. Ẹ kọ orílẹ̀-èdè márùn-ún sábẹ́ rẹ̀, ó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ fa ìlà sórí èyí tó bá ní ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, láìka bó ṣe wù yín tó. Tí ẹ bá jẹ́ tọkọtaya, kí kálukú kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi wéra. Mo ti rí tọkọtaya tí ọkọ kọ "owó orí tó ga" tí ìyàwó kọ "kí n máa wakọ̀ lọ síbi gbogbo." Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sọ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ wá gbé lọ sídìí ọ̀wọ́ kẹta, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ti ń sọ̀rọ̀. Nínú ètò Express Entry, tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀, ẹni ọdún 20 sí 29 ló ń gba máàkì ọjọ́ orí tó ga jù. Láti 45, òdo ni. Físà oní-máàkì ti Ọsirélíà kò gba ẹni tó ti pé 45. Físà ìsinmi-àti-iṣẹ́, tó jẹ́ ọ̀nà tó dára jù láti tọ́ ìlú kan wò, ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 30 ló wà fún lọ́pọ̀ ibi, ìwé ìrìnnà tiyín ló sì máa pinnu ibi tí wọ́n ti máa fún yín. Iṣẹ́ náà ń sọ̀rọ̀: dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti agbẹjọ́rò máa tún gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó ṣiṣẹ́ yín, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í sábà ní wàhálà yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. E-Residency tí Ẹ̀stóníà dá sílẹ̀ ní 2014 wà fún ṣíṣe òwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò fún ẹnikẹ́ni láàyè láti gbé ibẹ̀. Wọ́n ní físà mìíràn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, láti 2020.

Tí ẹ bá ń rò ó títí dé ìwé ọmọ ìlú, Kánádà ń béèrè ọjọ́ 1,095 láàárín ọdún márùn-ún, Switzerland ń béèrè ọdún mẹ́wàá. Síngápọ̀ àti Jàpáánì á ní kí ẹ jọ̀wọ́ ìwé ìlú yín àtijọ́. Amẹ́ríkà sì ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ níbikíbi tó bá wà láyé, kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí inú yín tó dùn jù.

Tó bá ku orílẹ̀-èdè kan tàbí méjì, ẹ lọ gbé ibẹ̀ fún oṣù kan tí físà àbẹ̀wò bá gbà yín láàyè. Ẹ má sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ háyà yàrá ní àdúgbò tí owó yín máa ká tí ẹ bá ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ẹ lọ ra oògùn orí fífọ́, ẹ gbìyànjú láti ka ìwé tí onílé lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ wá ẹnì kan tó ti gbé ibẹ̀ rí tó sì ti kúrò, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló lé e. Àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ kì í sọ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó ìwé wá fún irú èmi yìí, kì í ṣe ṣáájú. Sípéènì kì í sábà gbà á tí kì í bá ṣe atúmọ̀ èdè tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn fún láṣẹ ló tú ìwé náà. Ní Jámánì, wọ́n sábà ń béèrè ẹni tó ti búra níwájú kóòtù. Ọ̀pọ̀ tún ń béèrè òǹtẹ̀ apostille lára ìwé gan-an, èyí tó ń jẹ́rìí sí i fún orílẹ̀-èdè mìíràn pé ojúlówó ni, ti àdéhùn Hague 1961. Ṣáínà wọ inú àdéhùn náà ní oṣù Kọkànlá 2023, Kánádà ní oṣù Kìíní 2024. Kẹ́ ẹ gba òǹtẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó gbé ìwé fún atúmọ̀ èdè, torí òǹtẹ̀ náà gan-an máa ń wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí a tú.